Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ráàmù Dúdú Tó Le Kọjá Ìwọ̀n Wò

Ráàmù ni ọtí líle tí a ń fi ìrèké ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń ní nǹkan bí ìdá 40 ọtí gidi nínú 100, ṣùgbọ́n èyí tó le kọjá ìwọ̀n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 57, òmíràn a sì dé 75.5. Ẹni tó bá gbé e dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ ohun mìíràn ju pé ó ta òun lọ́fun. Kí a tó lè dá irú ọtí báyìí lẹ́jọ́, a gbọ́dọ̀ ya títa rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára adùn rẹ̀, omi àti sùúrù la sì fi ń ṣe é.

Ẹ bu mílílítà 20 sínú ife gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ fún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níbi tí iná kò sí nítòsí, nítorí oru ọtí yìí máa ń gbaná. Ẹ má jẹ́ kí dúdú rẹ̀ tàn yín: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló ń fi ṣúgà jíjó pa á láró, nítorí náà àwọ̀ kò fi dandan sọ iye ọdún tó lò nínú àgbá.

Imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ má ti imú bọ inú ife. Ẹ gbé ife sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ wá máa gbé e sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí òórùn yóò fi dé láìta yín nímú. Òórùn omi ìrèké dúdú tó ki ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Fàníílà àti kànáfùrù máa ń wá láti ara igi àgbá. Nínú ráàmù Jàmáíkà, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí òmíràn nínú rẹ̀ wà ní kíkan fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó sè é, ẹ lè gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, àní òórùn omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná pàápàá. Tí èyí bá wà níwọ̀nba, kì í ṣe àbùkù lójú tèmi. Ó di àbùkù nígbà tó bá bo gbogbo òórùn yòókù mọ́lẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀kán kan péré kan ahọ́n, ẹ má sì tíì dájọ́, nítorí ẹ̀kán àkọ́kọ́ kàn ń mú ẹnu gbára dì ni. Lẹ́yìn ìkejì, ẹ máa fi omi tútù tí kò ní òórùn sí i ní ìlàjì ṣíbí kékeré, kí ẹ sì máa gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Mílílítà 10 omi yóò sọ mílílítà 20 ráàmù onídàá 63 di nǹkan bí ìdá 42. Ibí ni ìdájọ́ wà: ráàmù tó dára a máa tú òórùn tuntun sílẹ̀ bí omi ṣe ń wọ̀ ọ́, èyí tó jẹ́ pé líle nìkan ló ní yóò ṣófo. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ètè, tí adùn rẹ̀ sì já lójijì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ṣúgà sí i.

Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má tọ́ ju oríṣi méjì tàbí mẹ́ta wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì máa tu èyí tí ẹ bá ti tọ́ wò dànù.