Bí A Ṣe Fi Ọkọ̀ Kékeré Wá Ẹja Coho Lójú Òkun Newport

Nínú gbogbo ẹja salmon tó ń gba etíkun Oregon ní Amẹ́ríkà kọjá, coho ni mo fẹ́ràn jù. Ó yára, ó lágbára, kì í sì í gbé ìsàlẹ̀ bíi Chinook, irú salmon mìíràn. Òkè omi ló ti máa ń jẹun, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 40, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré fi lè bá a. Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, ti ẹ̀gbọ́n mi kan ará Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Portland ni. Irin fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 19 lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n la jọ lọ nínú oṣù keje, láti èbúté Newport. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é fún àwọn èèyàn wa lápá ibí tí wọ́n ń wo òkun yìí lókèèrè.

Ìwé ló ṣáájú. Yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì ìpẹja, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń kọ salmon tó bá pa sí. Pacific Fishery Management Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìpẹja lójú òkun níbẹ̀, máa ń jókòó nínú oṣù kẹrin lọ́dọọdún láti pinnu ọjọ́ tí a lè pẹja salmon lójú òkun àti iye coho tí a lè kó. Bí iye yẹn bá ti pé, wọ́n á ti sáà náà pa, ìbáà ṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mélòó. Torí náà, a yẹ ìkéde ODFW, iléeṣẹ́ ìjọba Oregon tó ń bójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́, wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹja méjì fún ẹnì kan lójúmọ́. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún. Coho tí wọ́n ti gé lẹbẹ rẹ̀ nìkan la lè gbé lọ sílé. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ lẹbẹ yìí.

Lẹ́yìn ìwé, òkun fúnra rẹ̀. Búì kan, ẹ̀rọ tó léfòó lójú omi, ti NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, wà ní ìwọ̀-oòrùn Newport, bíi 20 máìlì sójú òkun, nọ́ńbà rẹ̀ ni 46050. Ó ń sọ gíga ìgbì àti àlàfo tó wà láàárín ìgbì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Gíga nìkan kò tó. Ìgbì ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá 10 síra wọn, ọkọ̀ á gùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 ni, á máa gbá ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Òfin ẹ̀gbọ́n ni pé bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti ń súnmọ́ra, a ò kúrò nílé. Ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n jìnnà síra dáadáa.

Ẹnu odò Yaquina, níbi tí odò ti pàdé òkun, ni kò gba àṣejù. Ògiri òkúta méjì ló há a mọ́ àárín, afárá ńlá tí wọ́n ṣí ní 1936 sì wà lẹ́yìn. Nígbà tí omi bá ń fà jáde, tí ìgbì sì ń bọ̀ láti òkun, méjèèjì á forí gbárí, ìgbì á ga, á dúró ṣánṣán, á sì wó. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú bí ìgbì ẹnu odò bá ti burú, Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, sì lè ti ẹnu odò pa mọ́ ọkọ̀ kéékèèké. A dúró de ìgbà tí omi ń wọlé. A dín ẹ́ńjìnnì kù nínú ògiri, a wo ìgbì bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò sí èyí tó wó.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. “Ṣé o ti de jákẹ́ẹ̀tì rẹ dáadáa?”

“Mo ti dè é, ẹ̀gbọ́n.”

“Tún okùn ìsàlẹ̀ yẹn fà. Ó dára. Ó yá.”

A jáde.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló kàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Bí wọ́n bá ti ré ẹnu odò kọjá báyìí, wọ́n á ju ìwọ̀ sómi. Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ àríwá máa ń ti omi ojú òkun jìnnà sí etíkun, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á sì gòkè rọ́pò rẹ̀. Omi tútù yìí ló ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú òkun, ẹja kéékèèké á wá jẹ wọ́n, coho á wá jẹ ẹja kéékèèké. Ṣùgbọ́n coho kì í fẹ́ dúró sínú omi tó tutù jù. Ojú ààlà ló ti ń dọdẹ, níbi tí omi tútù ti pàdé èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A sá eré lọ sí ìwọ̀-oòrùn láì sọ okùn kankan sómi, mò ń wo ìwọ̀n ooru omi lójú ẹ̀rọ, ní Fahrenheit: dígírì 50, 50, 51. Omi dúdú rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn náà ó fò sí 54, àwọ̀ omi sì yí padà sí ewé, ìlà ìfófòó kan sì nà gbọọrọ lójú omi. Àwọn ẹyẹ murre, tó dúdú lẹ́yìn tó funfun níkùn, ń rì sómi níbẹ̀, wọ́n ń yọ pẹ̀lú ẹja lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù.

Ọ̀pá méjì la fi ṣe é. Lórí ti ẹ̀gbọ́n, diver ló wà lókè, àwo ike tó máa ń fa okùn wọlẹ̀, tó sì máa ń yí dànù bí ẹja bá ti gbé e, kí èèyàn lè bá ẹja nìkan jà. Flasher tẹ̀ lé e, pátákó pẹlẹbẹ tó ń dán tó sì ń yí nínú omi, lẹ́yìn rẹ̀ ni hoochie, ìjẹ rọ́bà oníjàn-ánjàn-án. Lórí tèmi, òjé áúnsì 6 àti ṣáwá. Ṣáwá òkun Pàsífíìkì ni, ìbátan èyí tí à ń rà lọ́jà nílé. Mo ti rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú kí ara rẹ̀ lè le. Mo gé orí rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n mi ò gé e gún: mo dá ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Mo fa ìfun rẹ̀ jáde, mo ti ìwọ̀ gba inú rẹ̀ yọ lẹ́bàá eegun ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, mo sọ ọ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí n wò ó. Bí ọwọ́ bá tọ́ gígé yẹn, ṣáwá á máa pòòyì bí òkòtó, kíákíá, láì fì sọ́tùn-ún sósì. Coho fẹ́ kó yára. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé pòòyì dáadáa, mo tú okùn sílẹ̀, mo ń fà á jáde lẹ́nu ríìlì lọ́wọ́ọ̀wọ́, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì nígbà kan, títí ó fi tó bí ogún ìgbà.

Eré ọkọ̀ wà ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta ní wákàtí kan. A ò wa ọkọ̀ lọ tààrà. Bí a bá yí sí ọ̀tún, ìwọ̀ apá ọ̀tún á fà sẹ́yìn, á sì rì díẹ̀, ti apá òsì á yára, á sì gòkè. Èyí tí ẹja bá gbé ló ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Tiwa, ti apá tó ń yára ni. Ẹ̀gbọ́n fi eré kún un díẹ̀.

Ọ̀pá tí flasher wà lórí rẹ̀ máa ń lu ìlù: orí rẹ̀ á máa mì tìì, tìì, tìì. Bí ìlù náà bá dá, koríko òkun ti há sí i. Bó bá tẹ̀ lójijì, ẹja ni. Orí ọ̀pá ẹ̀gbọ́n tẹ̀ dé omi, kí n tó dìde coho ti fò sókè lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń dán yanran. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún kì í dárí ji okùn tó dẹ̀. Bí ẹja bá sá wá sọ́dọ̀ rẹ, kí o ká okùn kíákíá, kí ọ̀pá máa tẹ̀ nígbà gbogbo. Coho ní ìwà yẹn, ó máa ń yí padà sá wá bá ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ká a títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ wa.

“Má tíì gbé àwọ̀n o,” ó ní. “Wo lẹbẹ.”

Láàárín lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù salmon, lẹbẹ kékeré kan wà tó jẹ́ ẹran lásán, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹja ọ̀sìn, tí wọ́n pa ẹyin rẹ̀ níbi ìsìn ẹja, wọ́n ti máa ń gé ti wọn kúrò kí wọ́n tó tú wọn sódò. Ojú àpá tó jinná ló máa wà níbẹ̀. Èyí tó wà níwájú wa ní lẹbẹ rẹ̀, inú odò ni wọ́n bí i sí. Coho àwọn odò etíkun Oregon wà lábẹ́ ààbò òfin ìjọba àpapọ̀ láti 2008, torí iye wọn ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. A ò gbé e wọ ọkọ̀, a ò sì fọwọ́ kan ìpẹ́ rẹ̀. Mo na pínsà sómi, mo di ẹ̀yìn ìwọ̀ mú, mo yí i sókè. Ó jábọ́, ẹja náà sì rì lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹja yẹn ṣì ní odò tó fẹ́ gùn, bẹ́ẹ̀ ni coho kì í sábà lò ju ọdún mẹ́ta lọ láyé. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa fà á sókè ya fọ́tò.

Èyí tó tẹ̀ lé e gbé ṣáwá mi. Ojú àpá ló wà níbi lẹbẹ. Mo ya ẹnu rẹ̀ wò: erìgì rẹ̀ funfun níbi tí eyín ti hù, coho ni, ti Chinook á dúdú. Ẹ̀gbọ́n ki àwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀, orí ló kọ́kọ́ wọlé. Mo lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, mo gé ibi tó fi ń mí, mo kì í bọ korobá omi òkun kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dà. Ẹran coho tètè máa ń rọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó sùn sínú ọkọ̀ nínú oòrùn ti bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà mo yọ ìfun, mo fi áìsì kún inú rẹ̀, ó di inú kúlà.

A kó iye tí òfin gbà kó tó di ọ̀sán, a sì yíjú padà, torí ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ àríwá máa ń le. Ní èbúté, òṣìṣẹ́ ODFW kan wá bá wa. Ó bi wá ní iye tí a kó àti iye tí a tú sílẹ̀, ó wọn ẹja, ó gbé ọ̀pá kan tó ń wá irin kọjá lẹ́bàá imú wọn. Ọ̀kan dún. Wáyà kan wà nínú imú ẹja yẹn, bíi mìlímítà kan péré, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ á sọ ibi tí wọ́n ti sìn ín àti ọdún tí wọ́n tú u sódò. Irú wáyà yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹja ibi ìsìn wo ni a ń pa, kí wọ́n tó pinnu iye tí a máa kó lọ́dún tó ń bọ̀. A fún un ní imú náà tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń fa ọkọ̀ gun tírélà, Portland ṣì ju wákàtí méjì lọ.