Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn Òkè Àkọ́kọ́ Mi, Láti Kubwa Dé Chappal Waddi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí láti ọjọ́ yìí pé báwo lèmi tí mi ò gun nǹkan kan ju Olúmọ lọ láyé mi (ìyẹn gan-an, àwọn tíṣà ló kó wa lọ) ṣe gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn lọ sùn sórí òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ó dáa, mo ti ráyè wàyí. Chappal Waddi lorúkọ òkè náà, ìpínlẹ̀ Taraba ló wà, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Gashaka-Gumti, ó kù díẹ̀ kéèyàn wọ Kamẹrúùnù. Gíga ẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Olúmọ jẹ́ 137, wọ́n sì tún ti bá wa ṣe ẹ́lífétọ̀ síbẹ̀, torí náà ẹ má wulẹ̀ fi wọ́n wéra.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ jókòó rò kì í ṣe báàgì o, omi ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjà ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, á lọ ra bàtà, á ra tẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ omi ló máa sọ oṣù tẹ́ ẹ máa lọ, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àti bí ẹrù yín ṣe máa wúwo tó. Lápá ibẹ̀ yẹn, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Épírì, ó di Ọ̀kítóbà kó tó simi, odò á kún, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ọ̀kadà pàápàá ò ní rí ibi gbà. Tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ dúró di Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, àwọn odò kéékèèké ti ń gbẹ, eruku ọyẹ́ á sì ti bo ojú ọ̀run, ẹ̀ẹ́ gùn ún dókè tán ẹ ò ní rí nǹkan kan wò. Ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà ni mo mú, torí òjò ti lọ nígbà yẹn, omi ṣì ń ṣàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àṣẹ. Kì í ṣe ibi téèyàn kàn máa jí lówùúrọ̀ kó já lọ. Abuja níbí ni olú ọ́fíìsì National Park Service wà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ọgbà náà fúnra ẹ̀, Serti ló wà, ibẹ̀ lẹ ti máa san owó tẹ́ ẹ máa san, kí wọ́n tó fún yín ní rénjà tó máa mú yín lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ò fẹ́ rénjà. Ọgbà yẹn lé ní 6,000 square kìlómítà, ìgbẹ́ ńlá ni, ẹranko wà níbẹ̀, ìnàkí wà níbẹ̀, ipa ẹsẹ̀ màlúù pọ̀ ju ọ̀nà èèyàn lọ, máàpù inú fóònù ò sì mọ ìyàtọ̀. Àwọn Fúlàní tún ní abúlé nínú ọgbà ọ̀hún, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, jauro lẹ máa kọ́kọ́ lọ kí bẹ́ ẹ ṣe máa kí baálẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa pa tẹ́ǹtì sí. Hausa ọjà Wuse tí mo gbọ́ ràn wá lọ́wọ́ gan-an níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. A ò rìn lóru rárá. Láti Abuja, Jalingo la sùn, kílẹ̀ tó mọ́ a ti wà ní páàkì, a gba Bali lọ sí Serti. Ẹ pe ẹni tó ń gbé apá ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra gan-an kẹ́ ẹ bi í bí ọ̀nà ṣe rí, torí ọ̀nà tó tura lóṣù tó kọjá lè má tura mọ́, ẹ̀yin náà mọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ó wá kan ẹrù, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò mi lọ nìyí. Àwọn tó ti ń gun òkè tipẹ́ máa ń sọ pé kí ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé má kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara yín. 70 kílò ni mí, ìyẹn 14 kílò. Lítà omi kan, kílò kan ni, lítà 3 tí mo fẹ́ máa gbé ti kó kílò 3 lọ, ó ku 11. Tẹ́ǹtì, nǹkan ìsùn àti báàgì fúnra ẹ̀ kó bíi 6 nínú ẹ̀, ó ku 5 fún oúnjẹ, aṣọ, oògùn, ìkòkò, gbogbo ẹ̀ pátá. Mo gun ìwọ̀n, mo gbé báàgì mo tún gùn ún, mo yọ tàkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, tó bá ti lé, mo á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Jíǹsì jáde, tọ́ọ̀ṣì ńlá jáde, pafúù jáde. Ẹ̀gbọ́n kan ní ibiṣẹ́ wa tá a jọ lọ ní dandan òun máa gbé ìrọ̀rí, ìrọ̀rí o! Mo ní kí wọ́n ká swẹ́tà wọn sábẹ́ orí, wọ́n kọ̀, ìrọ̀rí náà dé Taraba.

Òkìrìká ni mo ti ra báàgì, ní ọjà Kubwa. Ẹ wo ìdí ẹ̀, tí kò bá ti ní bẹ́líìtì tó nípọn tó máa so mọ́ ìbàdí, ẹ dá a padà bó ti wù kó rẹwà tó, torí ìbàdí ló yẹ kó gbé ọ̀pọ̀ ẹrù, èjìká kàn ń bá a mú un dúró ni. Nǹkan tó bá wúwo, bí oúnjẹ àti omi, ẹ jẹ́ kó wà láàárín, kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín, kí nǹkan ìsùn wà nísàlẹ̀.

Òtútù ńkọ́? Àwa tá à ń gbé Abuja ò ka òtútù sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá gun òkè 1,000 mítà, ooru á dín tó bíi 6 dígíríì. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà yẹn jẹ́ bíi 450 mítà, òkè wá jẹ́ 2,419, ẹ ṣírò ẹ̀, òtútù tó fi 12 dígíríì ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ wá fi atẹ́gùn ọyẹ́ kún un. Swẹ́tà onírun àti fìlà tó bo etí ṣe pàtàkì ju ìpààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọ. Aṣọ òwú, ẹ fi sílé, ó máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ, tílẹ̀ bá wá ṣú á máa tutù mọ́ọ̀yàn lára. Ìbọ̀sẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, tòwú tó bá ti rin ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lé. Bàtà, ẹ ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú, tẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka á máa gbá iwájú bàtà.

Ìgbáradì ò gbà mí lówó. Báàgì pure water kan, 20 ló wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan 50cl, lítà 10 nìyẹn, kílò 10 géérégé, kí lẹ tún ń wá? Lówùúrọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, mo á tò wọ́n sínú báàgì, mo á wọ bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ, ó di àpáta Mpape, tàbí àwọn òkè apá Ushafa lọ́dọ̀ dáàmù Usuma. Tó bá ti rẹ̀ mí, mo á jókòó mu díẹ̀ nínú ẹrù mi, mo á fún ẹni tó bá wà nítòsí, ẹrù ti fúyẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ ṣáà kó nylon ẹ̀ padà wálé ẹ jọ̀ọ́.

Ará Scotland kan, William Naismith, ti fi ìṣirò kan sílẹ̀ láti 1892 tó wúlò fún mi gan-an: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Tí ìrìn ọjọ́ kan bá jẹ́ kìlómítà 12, tí ibi tẹ́ ẹ máa gùn sókè jẹ́ 900 mítà, ó dín díẹ̀ ní wákàtí 4. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè rìn dáadáa ló ń bá wí, èmi tí mo gbé kílò 14 sẹ́yìn, mo fi ìdajì ẹ̀ kún un, ó di 6, ká wá tún ka jíjẹun àti ìsinmi mọ́ ọn. Ní Dìsẹ́ńbà, ní bí aago 6 ilẹ̀ ti ń ṣú, torí náà aago 7 àárọ̀ la máa ń gbéra. Tí rénjà bá wá ní "ba nisa" fún yín pé kò jìnnà mọ́, ẹ fi wákàtí méjì sí i, àwọn yẹn ń rìn ín lójoojúmọ́.

Oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ará Àríwá. Kilishi fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, ó ní agbára nínú, kò sóhun tí wọ́n ń tà sínú nylon lókè òkun tó dáa tó o, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Dabino, kulikuli, ẹ̀pà, mílíìkì oníyẹ̀fun. Gàárì náà wà, kò nílò iná, àmọ́ ẹ rántí pé omi ló máa mu, torí náà ẹ̀gbẹ́ odò nìkan la ti máa ń mu ún. Ìndómì tá a gbé, gáàsì kékeré la fi sè é, a ò dá igi nínú ọgbà. Nínú àwọn abúlé, a ra nono lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, owó wẹ́wẹ́ lẹ máa fi san, kò sí POS lórí òkè.

Omi odò, ẹ má bu ú nísàlẹ̀ ibi tí màlúù ti ń kọjá, ẹ lọ sókè ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà kó jẹ́ mẹ́ta, torí omi tètè máa ń hó níbi tó ga láìtíì gbóná tó. Tẹ́ ẹ bá ní oògùn omi tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀, kẹ́ ẹ dúró fún àkókò tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró, òùngbẹ kì í jẹ́ kéèyàn ní sùúrù. Ilé ìgbẹ́ náà, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ọwọ́ téèyàn tẹ́, kó jìnnà sódò.

Nẹ́tíwọ̀kì á lọ, ìyẹn dájú. Kí n tó kúrò nílé, mo kọ orúkọ àwọn tá a jọ ń lọ, ọ̀nà tá a máa gbà, àti ọjọ́ tó yẹ ká padà dé Serti sínú ìwé, mo fún àǹtí mi ní Lugbe, mo ní tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀ bá ṣú tí wọn ò gbóhùn mi, kí wọ́n pe ọ́fíìsì ọgbà. Àǹtí ní àwọn ò ní dúró dìgbà yẹn o, ọjọ́ tá a gbéra gan-an ni wọ́n ti ń pè wọ́n.

Tẹ́ǹtì mi ti wà nílé báyìí, ènìyàn méjì ló gbà. Ẹni tó bá fẹ́ yá a nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé, ẹ wá gbé e, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó dá a padà, kó sì gbẹ dáadáa.