Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ṣé Àárọ̀ Ni àbí Alẹ́?

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀ àti ará ilé ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Wákàtí tó dára jù láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wákàtí tí ẹ kò ní gbàgbé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àárọ̀ àti alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn tó ń sọ pé alẹ́ ló dára jù ní ìdí. Bí a bá sùn, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wálẹ̀; bí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ mọ́, á tún máa gòkè, òwúrọ̀ sì ni rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Lọ́dún 2019, ìwádìí kan láti Spéìn, lórí àwọn tó lé ní 19,000, sọ pé oògùn alẹ́ dín ewu wọ̀nyí kù tó bí ìlàjì. Ìròyìn náà tàn, àmọ́ àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2022, ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TIME jáde: 21,104 èèyàn, ó lé lọ́dún márùn-ún. Nínú 100 àwọn tó ń lò ó lálẹ́, 3.4 ni irú ewu bẹ́ẹ̀ (rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn) kàn. Nínú àwọn aláàárọ̀, 3.7. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Ibi kan náà ni ìwádìí àwọn ará Kánádà já sí. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Nítorí náà, ẹ so oògùn mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán yín létí: lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tàbí bí ẹ bá ń fọ eyín. Ẹni tó ń sùn ní abà lásìkò ìkórè gbọ́dọ̀ gbé oògùn dání. Abà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fo oògùn, tí wọn kì í lò ó. Ẹ má fi í sábẹ́ páànù tàbí sínú mọ́tò, ooru ń bà á jẹ́.

Àwọn tó ní àkókò tiwọn

Oògùn tó ń mú ni tọ̀, irú furosemide àti hydrochlorothiazide, àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Bí ẹ bá lò ó lálẹ́, ẹ ó máa dìde lóru lọ tọ̀, bàbá àgbàlagbà á sì kọsẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn kan máa ń fò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọ mọ́tò láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin, nítorí ìtọ̀. Ẹ má fò ó o. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè sún un sí ìgbà tí ẹ bá dé.

Nínú oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, alẹ́ ló dára jù láti lo simvastatin. Atorvastatin kò mú àkókò kankan ní dandan.

Oṣù ààwẹ̀

Ní ọdún mélòó kan yìí, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni Ramadan ń bọ́ sí. Kí oṣù tó lé, ẹ lọ rí dókítà. Ó lè pààrọ̀ oògùn ẹlẹ́ẹ̀mejì sí ẹlẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó wà ní ìdí sàárì tàbí ìṣínu. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀, tó tún ń gba ààwẹ̀, tó tún ń kọ ebè nínú oòrùn, omi ara rẹ̀ lè gbẹ, kí òòyì sì gbé e ṣubú. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín: ara tó le kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé

Ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, ẹ fi èyí tó kọjá sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Oògùn ara ríro tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lẹ́yìn iṣẹ́ oko, irú diclofenac àti ibuprofen, lè mú ẹ̀jẹ̀ gòkè, kó sì sọ oògùn yín di aláìlágbára. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó, àti àgbo pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ìpàdé yín ní ọsibítù, ẹ ti lo oògùn kí ẹ tó kúrò nílé, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga lójú ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi oògùn kún oògùn. Ẹ kó gbogbo páálí àti sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn yín dání lọ.