Bí A Ṣe Ń Fi Katakata Kékeré Gbẹ́ Ihò Òpó Ọgbà Oko

Ẹni tó bá ti fi díìgà àti ọwọ́ gbẹ́ ihò òpó 30 rí ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò mọ rírì ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Irin gígùn kan ni, tí abẹ rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lára bí ìkarahun ìgbín, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata kékeré, tí agbára ẹ́ńjìnnì sì ń yí i wọlẹ̀. Auger ni àwọn tó ń tà á ń pè é; irin ìgbẹ́hò ni n ó máa pè é níhìn-ín. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó fi ń gbẹ́ ihò tí ọkùnrin alágbára ì bá làágùn lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Eré rẹ̀ yìí gan-an ni ó sì ń tan àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lò: wọ́n á jẹ́ kí ó wọlẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ á gbá a mú, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan á sì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ọgbà tí ẹ fẹ́ ṣe kò bá ju ẹ̀yìnkùlé lọ, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Akòko àti ìyèyè tí àwọn bàbá wa ń gé, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí ó lè hù, ṣì ń ṣe ọgbà tó dára títí di òní. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀, tó fẹ́ fi òpó igi tíìkì àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká nítorí màálù, ni àlàyé yìí wà fún.

Irinṣẹ́ tí ẹ ó lò

Katakata tí agbára rẹ̀ wà láàárín ẹṣin (horsepower) 20 sí 35 tó fún irin ìgbẹ́hò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 9 tàbí 12, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 tàbí 30. Òpó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4 yóò wọ ihò íǹṣì 9 dáadáa, àyè yóò sì kù yí i ká tí ẹ ó fi lè gún erùpẹ̀ mọ́ ọn. Ihò íǹṣì 12 wà fún òpó igun, tí ó gbọ́dọ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ nítorí pé òun ni gbogbo wáyà ń fà. Irin náà àti apá tó gbé e dúró wúwo púpọ̀; bí iwájú katakata bá ń fẹ́ fò sókè nígbà tí ẹ bá gbé e, ẹ so irin ìwọ̀n mọ́ iwájú kí ẹ tó kúrò lójú kan.

Ẹ tún pèsè okùn, èèkàn, téèpù ìwọ̀n, àdá, ṣọ́bìrì, sípánà, páìpù rẹ́ǹsì ọlọ́wọ́ gígùn, gíríìsì, àti bọ́ọ̀tì àfijá bíi mẹ́fà. Bọ́ọ̀tì àfijá yìí gba àlàyé díẹ̀. Ó lè wà níbi tí ṣáàfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára wá láti ara katakata, ti wọ inú àpótí gíà tàbí níbi tí irin ìgbẹ́hò ti so mọ́ ọn, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi irin tí kò le púpọ̀ ṣe é, kí ó lè já bí irin bá kọlu òkúta, kí gíà má baà fọ́. Àwọn kan máa ń bínú nígbà tí ó bá já lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀tì líle rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀tì náà kò ní já mọ́ lóòótọ́, àpótí gíà ni yóò fọ́ dípò rẹ̀, owó àpótí gíà kan yóò sì ra bọ́ọ̀tì tí ẹ kò ní lò tán.

Ìgbà tó yẹ, àti fífi àmì sí ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí ló ní yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì, tí ọyẹ́ ti fa omi ilẹ̀ gbẹ, irin yóò kàn máa jó lójú ilẹ̀ ni. Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí omi ti wọ ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ kò tíì di ẹrẹ̀. Bí ó bá di àárín òjò, amọ̀ á máa lẹ̀ mọ́ abẹ irin bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, ẹ ó sì máa dúró ha á kúrò lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ kò bá ṣeé sún síwájú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ ojú ihò díẹ̀, kí ẹ bu omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lè rin ín di òwúrọ̀.

Kí ẹ tó kan èèkàn kankan, ẹ béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Páìpù tó ń gbé omi láti inú kànga ẹ̀rọ àti wáyà iná tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ wà láàárín ohun tí irin yìí lè gé láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Bí ilẹ̀ náà bá sún mọ́ agboolé àtijọ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí ojú oórì wà. Àwọn ọmọ wa tó ní ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà 811 ṣáájú, kí wọ́n lè wá fi àmì sí ibi tí àwọn páìpù àti wáyà gbà.

Igun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan èèkàn sí igun méjì, kí ẹ na okùn láàárín wọn kí ó le dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ kí igun náà ṣe déédéé, ẹ wọn mítà 3 lórí okùn kan àti mítà 4 lórí èkejì láti igun náà. Bí ìwọ̀n láàárín ojú méjèèjì bá jẹ́ mítà 5 gééré, igun yín tọ́. Ẹ wá máa fi ẹfun tàbí eérú ṣe àmì sí abẹ́ okùn ní mítà 3 mítà 3. Ọgbà tó gùn ní mítà 99 yóò gba òpó 34 lọ́nà yìí. Ẹ fi àdá gbẹ́ kòtò kékeré sí àárín àmì kọ̀ọ̀kan, kí ṣóńṣó irin lè rí ibi dúró sí, kí ẹ sì ká okùn kúrò nílẹ̀ kí katakata tó wọlé, nítorí kò sí ohun tó yára wé mọ́ irin ayíra bí okùn.

Síso irin mọ́ katakata

Ẹ gbé katakata sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ irin ìfàkẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn katakata bí ó bá máa dí ṣáàfù lọ́wọ́. Ẹ so apá irin ìgbẹ́hò mọ́ ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí katakata fi ń gbé ẹrù, kí ẹ sì ti píìnì kọ̀ọ̀kan pa. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ki ṣáàfù bọ PTO, irin kúkúrú tó yọ sẹ́yìn tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fà á wò bóyá ó ti há. Ẹ gbé apá náà sókè tán, kí ẹ tún sọ̀ ọ́ sílẹ̀ tán, láìjẹ́ kí PTO yí. Ṣáàfù jẹ́ irin méjì tó wọ inú ara wọn: kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú ara rẹ̀ nígbà tó bá gùn jù, kò sì gbọdọ̀ kì mọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá kúrú jù.

Ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan ni PTO irú katakata yìí máa ń yí bí ẹ́ńjìnnì bá wà lójú eré rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí etí aṣọ bá kàn án, kí olúwarẹ̀ tó lanu ké, aṣọ ti yí mọ́ ọn pẹ̀lú apá tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bùbá tó fẹ̀, ìborùn àti okùn bàtà tó ń wọ́lẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ yìí, a kò sì gbọdọ̀ lo ṣáàfù tí ìbòrí rẹ̀ ti fọ́. Ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí awakọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun apá irin kí ó lè fi ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀, omi ni kí ẹ bu sí i.

Gbígbẹ́ ihò

Ẹ fi ẹ̀yìn wá sórí àmì, kí ẹ so bíréèkì, kí ẹ sì sọ irin kalẹ̀ títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi wọ inú kòtò kékeré tí ẹ ti gbẹ́. Ẹ wo irin náà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn bóyá ó dúró ṣánṣán. Ẹ jẹ́ kí eré ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó fi PTO sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fi iná kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò nílò eré púpọ̀: irin tó ń rọra yí ni ó ń gbé erùpẹ̀ jáde, èyí tó ń sáré kàn ń fọ́n ọn káàkiri ni.

Ẹ sọ ọ́ wọlẹ̀ ní íǹṣì 6 sí 8, kí ẹ sì gbé e sókè pẹ̀lú erùpẹ̀ tó dì mọ́ ọn, kí ìyípo gbọn erùpẹ̀ náà dànù sí ẹ̀gbẹ́ ihò. Ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ fi sílẹ̀ kí ó máa fa ara rẹ̀ wọlẹ̀. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò lórí ọ̀pá tó ń gbé e sókè. Bí irin bá ń wọlẹ̀ tí erùpẹ̀ kò sì jáde, ó ti ń dè ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí ihò bá ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé irin jáde pátápátá, kí ẹ sún katakata díẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn òpó ni ó yẹ kó wọ ilẹ̀. Òpó ẹsẹ̀ bàtà 7 yóò wọlẹ̀ ní íǹṣì 28. Òpó igun gbọ́dọ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dára kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ fi ọ̀dà fín àmì sára irin kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti dúró. Bí ihò bá parí, ẹ yọ PTO kúrò kí ẹ tó lọ síbi àmì mìíràn.

Bí irin bá há

Ó há mọ́ mi lọ́wọ́ rí nínú yangí, nígbà tí mo fẹ́ parí ihò kẹrìnlá kí oòrùn tó wọ̀. Mo ń fi agbára katakata fà á sókè, ẹ̀yìn katakata sì ń rì sílẹ̀ dípò kí irin jáde. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí: kí n yọ PTO, kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n yọ kọ́kọ́rọ́, kí n sì dúró títí gbogbo nǹkan yóò fi dá wọ́ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ bọ́ọ̀tì àfijá kí irin lè yí fúnra rẹ̀ láìfa gíà, kí ẹ fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ yí i ká, kí ẹ fi páìpù rẹ́ǹsì di ọ̀pá irin mú, kí ẹ sì máa yí i sẹ́yìn, bí ìgbà tí a ń tú nọ́ọ̀tì. Yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú rẹ́ǹsì kúrò kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì padà láti gbé e sókè.

Rírì òpó

Erùpẹ̀ títú máa ń kù sí ìsàlẹ̀ ihò. Ẹ fi ọwọ́ ṣọ́bìrì gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i ní íǹṣì 4 kí omi lè rí ibi sọ̀ lọ. Nínú ilẹ̀ amọ̀, irin a máa dán ara ihò bí inú ìkòkò, erùpẹ̀ tí ẹ bá dà padà kò sì ní dì mọ́ ọn. Ẹ fi àdá ya á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé òpó sí i. Àárín igi tíìkì tó gbó ni ikán kì í fẹ́ràn, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún tíìkì kékeré tó jẹ́ kìkì funfun. Fún òpó àárín, ẹ máa da erùpẹ̀ padà ní íǹṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gún un kí ẹ tó da òmíràn. Fún òpó igun, ẹ po sìmẹ́ńtì òṣùwọ̀n 1, yanrìn 2 àti òkúta 4, kí ẹ sì ṣe ojú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lára igi kí omi má dúró sí i.

Bí ẹ kò bá lè ri gbogbo òpó tán lọ́jọ́ náà, ẹ fi pákó àti òkúta bo àwọn ihò tó ṣí sílẹ̀, nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́. Ẹ fún kọnkéré òpó igun ní ọjọ́ méje kí ẹ tó fa wáyà mọ́ ọn.