Bí Èmi Àtàwọn Ọmọ Ṣe Gun Olúmirìn Lójú Òjò

Bí ìsinmi bá bọ́ sí àsìkò òjò ní Òṣogbo, tẹlifíṣọ̀n ló máa ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa. Wọ́n á wò ó títí iná á fi lọ. Bí iná bá sì ti lọ, ìjà dé nìyẹn. Ìsinmi June 12, Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, kì í sì í yẹ̀ lórí òjò. Lọ́dún yìí mo ti pinnu ṣáájú pé òjò kọ́ ni yóò dè wá mọ́lé. Àwọn ọmọ mi méjèèjì àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ti ń fi òkè gígùn dà mí láàmú láti ìgbà tí wọ́n ti rí àwòrán omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Inú mi dùn sí i. Ọmọ tó bá ń fẹ́ gun nǹkan, ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, torí bí a ò bá kọ́ ọ, yóò lọ gun ògiri aládùúgbò lẹ́yìn wa.

Ìyá ọkọ mi ní kí n kúkú kó wọn lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ó sún mọ́lé. Mo fẹ́ràn Igbó Ọ̀ṣun gan-an ni. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, láti 2005 sì ni UNESCO ti kà á kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀wọ̀ ni. Ta ni yóò gun ère tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà nì, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọwọ́ mọ? Ọmọdé tí ara ń yún láti fò, tó ń wá ohun tí yóò pọ́n, ojúbọ kọ́ ni ká mú un lọ. Mo ṣàlàyé fún Màmá, wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní kí n má gbàgbé pé òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́ òkúta.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú lọ bá ọmọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò gun òkè náà. Mo pè é lórí fóònù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, mo bi í bóyá òjò kò ní bà á jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òjò tó bá rọ̀ lé yín lórí kò le. Èyí tó bá rọ̀ lókè tẹ́ ò rí, òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.” Ó wá là á yé mi. Ìpele méje ni omi náà, ọ̀kan lórí ìkejì, láti òkè pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Abákẹ́ tó jẹ́ ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè l'Ékìtì. Oòrùn lè ràn nísàlẹ̀ kí òjò máa da ilẹ̀ rú lókè, kó pẹ́ díẹ̀ kí àgbàrá rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò ní mọ̀ kó tó débẹ̀.

Nítorí náà la ṣe ṣe àdéhùn. Ìpele kejì ni a ó dé, a ò ní kọjá ibẹ̀. Bí òun bá ní ká padà kí a tó débẹ̀, a ó padà láìjiyàn. Bí ààrá bá sán, a ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi kún ohun tá a ti fẹnu kò sí, ìbáà jẹ́ èmi. Mo pe àwọn ọmọ jókòó ní pálọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méjìlá, fajúro. Ìpele keje ló ní lọ́kàn. Mo ní kó fajúro nílé báyìí, torí bá a bá dé orí òkúta, kò ní sí àyè fún un.

Bàtà ló gba àkókò wa jù. Mo kó gbogbo bàtà wọn síta, mo yí wọn dojúdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà iléèwé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ó ń dán. Sálúbàtà, kò ṣeé bá lọ rárá, ẹsẹ̀ á bọ́ nínú rẹ̀ bó bá ti rin omi. Kánfáàsì tó ní eyín jíjìn nísàlẹ̀ ló dára jù, kó fún ẹsẹ̀ dáadáa, kó má sì fún àtàǹpàkò pa. A rí ti àbúrò rà ní ọjà Ìgbọ́nà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òkìrìkà, ó mọ́, ó sì ṣì lágbára. Lẹ́yìn ìyẹn a lọ sídìí àtẹ̀gùn ilé. Mo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn sọ̀ ọ́, kí wọ́n kọjú sí àtẹ̀gùn, kí ọwọ́ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: bí ẹsẹ̀ kan bá ń rìn, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kejì kò gbọ́dọ̀ mira, bó bá jẹ́ ọwọ́ kan ló ń wá ibi tí yóò dì mú, ẹsẹ̀ méjèèjì á dúró. Wọ́n fi ṣeré títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń kọ́ ọmọ ní gígùn, wọ́n gbàgbé sísọ̀. Sísọ̀ ni òjò ti ń gbéni ṣubú.

Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Mo di aṣọ ìpààrọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú náílọ̀n, mo so ó le. Mo gbé tíì sínú fúláàsì, mo sì kó àgbàdo tuntun tá a sè pẹ̀lú àgbọn. Mo háyà mọ́tò kan kí a má baà máa dúró de èrò ní páàkì nínú òjò, a gba Iléṣà, a mú ọ̀nà Àkúrẹ́. Sùúrù ni awakọ̀ fi wà á. Nígbà tá a dé Ẹ̀rìn, òjò ti di ìwínníwínní.

A sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin náà ti ń dúró dè wá, àwọn ọmọ ń pè é ní Bọ̀dá. Ibi ìpele kìíní kò ṣòro dé. Ariwo omi la kọ́kọ́ gbọ́, ká tó rí i rárá. Nígbà tá a wá yọ sí i, àbúrò di aṣọ mi mú. Omi náà ń já láti òkè àpáta, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìkùukùu lù wá lójú, gbogbo wa ti tutù kó tó di pé òjò tún bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú náà fún wọn, pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò n'Ífẹ̀ tó wá tẹ ibẹ̀ dó, òun ló sì rí omi náà ní 1140. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tóun náà jẹ́ obìnrin, béèrè bóyá Akínlà gun òkè náà fúnra rẹ̀. Bọ̀dá ní bí kò bá gùn ún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé méje ni? Láti ìgbà yẹn ni ọmọ náà ti ń ṣáájú.

Kí a tó gbéra, Bọ̀dá rìn lọ sí etí omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó mọ́ gaara. Ó fi han àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n máa wò ó bí a ti ń gòkè. Àwọ̀ omi kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, torí Ọ̀ṣun tí wọ́n mọ̀ ní Òṣogbo ti pọ́n láti ọdún mélòó kan, látàrí àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ lápá Iléṣà. Wọ́n rò pé bí odò ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó dùn mí láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún méje. Bọ̀dá ní ti ibí yàtọ̀: bí èyí bá pọ́n lójijì, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, àgbàrá ti ń bọ̀ láti òkè nìyẹn.

Láti ìpele kìíní sí ìkejì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀nà náà dúró ṣánṣán láàárín igi, ẹrẹ̀ ni, gbòǹgbò sì dábùú rẹ̀ káàkiri. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé gbòǹgbò ni ká máa tẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bọ̀dá ní rárá, gbòǹgbò tó rin omi ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Ọwọ́ ló ni gbòǹgbò, ẹsẹ̀ ló ni ilẹ̀ àti òkúta tó rí ṣákaṣàka. Òkúta tó bá ní àwọ̀ ewé lójú, tó ń dán, ẹ fò ó. Ẹ̀ka tó bá sì wù yín láti dì mú, ẹ kọ́kọ́ fà á wò kẹ́ ẹ tó gbára lé e, torí igi gbígbẹ pọ̀ níbẹ̀ tí òjò ti mú rọ̀ látinú.

Òun ló ṣáájú, èmi ni mo wà lẹ́yìn àbúrò. A fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wa, kí òkúta tí ẹnì kan bá tẹ̀ yẹ̀ má baà ba ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibì kan wà tí ẹrẹ̀ ti fọ́ ọ̀nà dànù, ibẹ̀ ga tó èèyàn méjì. Bọ̀dá so okùn kan mọ́ ìdí igi ńlá lókè, ó ti ta kókó sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ ọmọdé lè rí nǹkan gbá mú. Àkọ́bí mi fi ìkánjú gun ìdajì, ẹsẹ̀ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ okùn. Kò ké. Mo rí i tó mú ojú kúrò lókè, tó wá ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò tẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ wò, tó tún wá ti òsì. Nǹkan tá a ṣe lórí àtẹ̀gùn ilé gan-an ló ń ṣe. Àbúrò ló pẹ́ jù. Ó dúró nísàlẹ̀ okùn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun ò lè gùn ún. N kò rọ̀ ọ́, n kò sì tì í. Mo ní a lè padà síbi omi àkọ́kọ́, èmi àti òun, ká jẹ àgbàdo wa, kò burú. Ó wo àwọn tó kù lókè. Ó ní kí n di ìsàlẹ̀ okùn mú kó má baà máa mì. Mo dì í mú. Ó mú kókó kìíní, ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó sinmi. Ó mú ìkejì. Gbogbo ara rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ nígbà tó dókè, ariwo tí àwọn yòókù pa fún un sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ti omi.

Ní ìpele kejì, òjò ti dá. A jókòó lórí àpáta tó jìnnà sí omi, a jẹ àgbàdo. Ẹnu àkọ́bí mi ò dákẹ́. Ó ní a ti dé ìkejì láìrẹ̀, kí ló dé tá ò lè dé ìkẹta, òjò náà sá ti dá. Èmi fúnra mi rí i pé agbára ṣì wà lára wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé, “Àǹtí, ẹ wo omi.” Kò tíì pọ́n. Ó kàn ṣe rẹ́súrẹ́sú bí omi ìfọ̀rẹsì, ewé díẹ̀ sì ń bá a yí bọ̀. Bọ̀dá dìde kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ká kó ẹrù. Àkọ́bí mi lanu láti bẹ̀bẹ̀, ó wo ojú mi, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá.

Bọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀, ó dúró nísàlẹ̀ okùn, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn yóò tẹ̀. “Òsì, sọ̀ ọ́ sí i. Ó ti tó. Tẹ̀ ẹ́ wò.” Gbogbo wọn kọjú sí òkè bí a ti kọ́ wọn. A ò sáré. Ibi tí kò sí okùn, tó sì yọ̀, a jókòó, a fi ìdí wọ́ ọ, ṣòkòtò bàjẹ́ kò jẹ́ nǹkan. Nígbà tá a fi máa dé ìpele kìíní, omi náà ti pọ́n rokoṣo, ariwo rẹ̀ ti yí padà, ó ti wúwo, àpáta kan tí àwọn tó wá ya fọ́tò dúró lé láàárọ̀ ti wà lábẹ́ omi. Bọ̀dá lọ ń lé àwọn tó kù kúrò létí ibẹ̀. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò ó. Àkọ́bí mi tọ́ka sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Mọ́mì, ó mọ omi wò jù mí lọ.”

Bá a ṣe dé ìdí mọ́tò, mo bọ́ aṣọ tútù lára wọn kíákíá, mo fi táwẹ̀lì nù wọ́n, a wọ aṣọ gbígbẹ, a mu tíì. Ẹ má ṣe fi èyí jáfara. Ọmọdé kò ní sọ pé òtútù ń mú òun nígbà tí inú rẹ̀ bá ń dùn, ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kàn. Àbúrò ní ọ̀fìnkìn ní ọjọ́ kejì, Màmá se àgbo fún un, wọ́n sì bá mi wí, mo kúnlẹ̀ gba ìbáwí náà. Bàtà la ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, a sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a kò sá a sórí iná, torí iná máa ń mú kí ìsàlẹ̀ bàtà ṣí.

Ìpele kẹta ti wà lórí ètò fún December, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé tí òkúta ti gbẹ. Omi kò ní pọ̀ nígbà náà, mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní kò burú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa wo omi. Àkọ́bí mi ní òun ni yóò máa wà lẹ́yìn àbúrò, mo sì ti ní kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn sọ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú rẹ̀ lálaalẹ́ kí n lè rí bó ṣe ń mú sùúrù fún un.