Pípààrọ̀ Igi Kajú Tó Ti Gbó: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Gúúsù Kwara

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Omù-Àrán, Òkè-Odè, Ìsánlú-Ìsin àti àyíká, bí ìjọba bá gbé ọ̀dọ́ igi kajú wá, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Ẹ má kàn gé gbogbo oko àtijọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi ni wọ́n fún yín, wọn kò fún yín lówó tí ilé yóò fi jẹun kó tó so. Èyí tí wọ́n lọ́ ẹ̀ka igi rere mọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọdún 2 sí 3. Èyí tó hù láti inú hóró lè tó ọdún 3 sí 5.

Ní Yúróòpù, òfin kan tó jáde lọ́dún 2013 gbà nígbà náà kí ìjọba gbé tó ìdajì ìnáwó àgbẹ̀ tó ń pààrọ̀ igi àjàrà, tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin níbi tí nǹkan kò ti rọ̀ṣọ̀mù, kí wọ́n sì tún ṣe ìrànwọ́ lórí èrè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín béèrè irú èyí lọ́dọ̀ ìjọba wa.

Inú ọyẹ́ ni kajú ń yọ òdòdó. Bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá bá a, òdòdó á dúdú, á sì re. Nítorí náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀yà náà bá ojú ọjọ́ wa mu, ẹ bi àwọn tó gbé e wá léèrè ibi tí igi náà ti wá. CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ní Ìbàdàn ni ìjọba àpapọ̀ fi ìwádìí kajú lé lọ́wọ́. Ẹ má sì gbin ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Nígbà ìkórè, ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi tí kò so dáadáa. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí igi jìnnà síra ní mítà 10, èyí tó jẹ́ 100 igi ní hẹ́kítà kan. Oṣù kẹfà sí ìkeje, tí òjò ti múlẹ̀, ló dára jù. Ẹ yọ ọ̀rá tí ọ̀dọ́ igi wà nínú rẹ̀ kúrò, kí ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ẹ̀ka mọ́ igi má wọlẹ̀, kí ẹ sì máa já ọ̀mùnú tó bá yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, torí igi ìsàlẹ̀ tí wọ́n lọ́ ẹ̀ka rere mọ́ ló ń fẹ́ hù padà. Ẹ̀pà, ẹ̀wà àti àgbàdo ni kí ẹ fi gba àárín rẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tí nǹkan gé yípo bíi ẹni fi ayùn gé e, kòkòrò oníwo gígùn ló ṣe é. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀ka tó já sílẹ̀. Ẹ ṣa wọ́n jọ, kí ẹ sun wọ́n níta oko, níbi tí iná kò ti lè ràn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ ha ààlà oko mọ́ dáadáa. Iná ìgbẹ́ ọ̀sán kan lè run iṣẹ́ ọdún púpọ̀.

Ẹni tó ń dá oko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ rántí pé àṣẹ láti gbin iṣu kì í ṣe àṣẹ láti gbin igi. Ẹ lọ bá olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ADP, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà.