Ẹ̀rín bàbá àgbà lójú ère kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ère tó dákẹ́ di ère tó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ló sábà máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Á fa igun ètè méjèèjì sókè, á sì fi ìyókù ojú sílẹ̀ bó ṣe wà. Ère náà á wá dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Abẹ́ ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rín òótọ́ ń gbé. Guillaume Duchenne, dókítà ará Faransé, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1862 pé èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹnu bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣan tó yí ojú ká kì í fẹ́ dáhùn bí inú kò bá dùn. Nítorí náà, ojú la ó kọ́kọ́ ṣe, ẹnu á tẹ̀ lé e.

Ère orí-dé-àyà tí wọ́n fi resin (irú ike líle kan) ṣe la ó lò, ìwọ̀n 1/10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ti èèyàn gidi: ọkùnrin kan tó panu mọ́, tí a fẹ́ sọ di bàbá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín tó fi eyín síta, tó dé fìlà, tó sì kọ àbàjà. Ní ìwọ̀n yìí, orí láti àtàrí dé àgbọ̀n jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 23. Ojú wà ní ìdajì rẹ̀ gan-an. Ìbú orí tó mìlímítà 15, ojú kan sì gba ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 3. Láti egungun òkè ojú dé ìsàlẹ̀ imú, àti láti ibẹ̀ dé àgbọ̀n, ọgbọọgba ni. Etí wà láàárín egungun òkè ojú àti ìsàlẹ̀ imú. Ẹ fi pẹ́ńsù fa àwọn ìlà yìí sára ère kí ẹ tó mú abẹ.

Ẹ ní àwòrán tí ẹ ó máa wò. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 dára púpọ̀ fún ìrísí imú, ètè àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ ojú wọn tutù. Ẹ má wá ẹ̀rín síbẹ̀. Fún ojú tó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo àwọn orí tí Franz Xaver Messerschmidt, agbẹ́re tó kú ní 1783, ṣe. Díẹ̀ nínú wọn wà ní ilé àkójọ ọnà Belvedere ní Vienna. Ẹ wo bí iṣan ọrùn ṣe ń bá ojú fà. Lẹ́yìn ìyẹn, dígí tó wà nílé ló kù.

Pọ́tì méjì la nílò, Green Stuff àti Milliput; apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, tí a ń pò pọ̀ kó tó le. Green Stuff máa ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó dára fún ìpéǹpéjú àti awọ ara, ṣùgbọ́n sánpépà kì í ràn án. Milliput máa ń le bí òkúta, sánpépà ń ràn án, omi lásán sì ń mú un dán. Àmọ́ ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ máa ń fọ́. Ẹ po ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀, ìdajì sí ìdajì. Tí búlúù àti yẹ́lò Green Stuff yín bá ti fara kanra nínú ọ̀rá, ẹ gé ibi tí wọ́n ti pàdé dànù. Ó ti le níbẹ̀, kókó rẹ̀ á sì máa yọ lójú ère. Ẹ má po ju ìwọ̀n ẹ̀wà kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ooru ń mú pọ́tì yára le. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ẹ kò ní rí tó wákàtí kan àtààbọ̀ lórí Green Stuff. Ẹ ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ kùtù. Èyí tí ẹ ti pò tó ṣẹ́ kù, ẹ gbé e sínú fìríìsà, kò ní tètè le. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí pọ́tì tútù lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara yún èèyàn, ìyẹn kì í sì tètè lọ. Tí ẹ bá ń ha resin, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì bo imú.

Ó kan àgbọ̀n. Tí ẹnu bá là, àgbọ̀n ló ń sọ̀ kalẹ̀, òkè ẹnu kì í gbéra. Ẹni tó bá kàn gbẹ́ ihò ẹnu sójú ère á rí i pé ẹnu ti jẹ àgbọ̀n tán. Ẹ fi ayùn olójú wẹ́wẹ́ gé e láti ojú ètè lọ sí abẹ́ etí. Ẹ lu ihò 0.8 mm sí apá méjèèjì, ẹ ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi súpágúlúù lẹ̀ ẹ́ padà, kó fi mìlímítà 2 relẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi Milliput dí àlàfo rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kò bá tíì le, ìka tí ẹ fi ń tẹ ojú á yí àgbọ̀n.

Ẹ wá fi abẹ ha ìpéǹpéjú àtijọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, nǹkan bíi mìlímítà 1. Ẹyinjú èèyàn tó mìlímítà 24, nítorí náà pọ́tì roboto oní-mìlímítà 2.4 la ó ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó le kí ẹ tó fi ìpéǹpéjú bò ó, kó má baà fẹ̀ lábẹ́ irinṣẹ́. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò gbọdọ̀ yọ kọjá egungun òkè ojú. Bó bá yọ, ẹ̀rù ni bàbá yẹn ń bà, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ ká pọ́tì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú fún ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ, kó má tẹ̀ bí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi bíi ti ojú tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pọ́tì tó tó hóró ìrẹsì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tì í sókè títí á fi kan ìpéǹpéjú náà. Níbi tí ẹran méjèèjì ti pàdé, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ilà kan ṣoṣo. Ilà yẹn ló ń rẹ́rìn-ín. Kí ojú tó ṣí sílẹ̀ má ju 0.7 mm lọ. Ilà mẹ́ta tó tú ká láti ìkángun ojú ti tó: kí wọ́n má gùn dọ́gba, kí wọ́n má sì jìn dọ́gba.

Igun ètè máa ń fà sẹ́yìn kó tó gòkè, ètè òkè á sì fẹ́lẹ́. Ẹ gbẹ́ inú ẹnu jìn tó mìlímítà 3, kí òkùnkùn lè wà níbẹ̀. Eyín òkè, ẹ ṣe é ní ọ̀já kan ṣoṣo, kí ẹ wá fi abẹ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyarun ló máa rí. Bí bàbá bá pàdánù eyín kan, ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kó má wà láàárín.

Àbàjà kẹ́yìn lójú. Lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí pọ́tì kò gba àmì ìka mọ́ ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ ṣì ń wọ̀ ọ́, ẹ fa ilà mẹ́rin ní ìbú, tó gùn ní mìlímítà 3 sí 4. Ẹ má fi rúlà fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti gòkè ti ká ilà mọ́ ara rẹ̀, ó yẹ kó tẹ̀ bí ẹran ṣe tẹ̀.

Fìlà kò le: ẹ tẹ Green Stuff láàárín ọ̀rá méjì tí ẹ fi Vaseline pa, kó fẹ́lẹ́ dé 0.5 mm, kí ẹ nu Vaseline kúrò, ẹ dé e, ẹ gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ère náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó ń tàn láti òkè, kí ẹ sì wò ó nínú dígí. Ojú tó wọ́ á hàn. Ihò wẹ́wẹ́, ẹ fi omi fọ Milliput kó ṣàn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí i. Nígbà tó bá le, ẹ fi sánpépà 800 ha á, kí ẹ tún ọ̀dà náà fọ́n.